Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ẹran Ọ̀sìn Tí A Fẹ́ràn Láì Kó Ìdílé Sí Gbèsè

Ibi tó burú jù láti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ owó ẹran ọ̀sìn ni iwájú dókítà ẹranko. Ajá ti wà lórí tábìlì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, dókítà ti dárúkọ iye kan, ọmọ ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ohunkóhun tí ènìyàn bá sọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ìpayà ló ń sọ ọ́. Àwọn kan a lọ yá owó tí wọn kò ní lè san. Àwọn mìíràn a ní "rárá", ẹ̀rí ọkàn kò sì ní jẹ́ kí wọ́n sùn. Bí wọ́n bá ti jọ sọ ọ́ nílé tẹ́lẹ̀ ni, kì bá má le tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ìṣirò yìí nígbà tí ara ẹranko yín ṣì dá ṣáṣá.

Ẹ mọ iye tó ń ná yín lọ́dún

Ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ pín ìnáwó rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tó jẹ́ ti ojoojúmọ́ ni oúnjẹ, ọṣẹ, àti iyẹ̀pẹ̀ tí ológbò ń yàgbẹ́ sí. Èyí tó ń yípo lọ́dọọdún ni àyẹ̀wò, abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn aràn, oògùn eégbọn, àti owó ẹni tó ń bá yín tọ́jú rẹ̀ bí ẹ bá rìnrìn àjò. Ẹ̀kẹta ni ti òjijì. Ẹ ro méjì àkọ́kọ́ pọ̀ fún odidi ọdún, kí ẹ wá fi 12 pín in. Iye yẹn ló yẹ kó wọ inú ìnáwó oṣooṣù yín, kó jókòó ti owó ilé àti owó iná. Oúnjẹ nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kà, ìdí nìyẹn tí owó abẹ́rẹ́ fi ń bá wọn lójijì lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ rẹ̀ kò yẹ̀ rí.

Ẹ wo iwájú pẹ̀lú. Ajá sábà máa ń lo ọdún 10 sí 13 láyé. Àwọn kéékèèké a máa kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn gìrìwò kì í sì í pẹ́ tó o. Ológbò tí kì í jáde nílé lè lo ọdún 15 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ọmọ ọdún márùn-ún tó gbé e wọlé lónìí lè ti dàgbà, kó ti kúrò nílé, kí ológbò náà tó dágbére. Ọjọ́ ogbó sì ni owó rẹ̀ máa ń pọ̀ jù: kídìnrín ológbò, oríkèé ajá, eyín àwọn méjèèjì. Bí ẹ kò bá tíì gbé ẹranko wálé, tí ìṣirò yìí sì ti ń dẹ́rù bà yín, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ mú èyí tó kéré, tàbí kí ẹ ní sùúrù díẹ̀.

Ohun tí a kì í gé

Bí ọwọ́ bá ti há, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń fò, nítorí pé wọn kò rí àìsàn kankan lójú. Èyí máa ń dùn mí gan-an, torí owó kékeré ni wọ́n dá dúró, owó ńlá ni wọ́n sì ń pè wálé. Ọmọ ajá tí kò gba abẹ́rẹ́, tó wá kó àrùn parvovirus, yóò máa bì, yóò máa yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, wọ́n lè fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ fa omi sí i lára, kò sì dájú pé yóò yè é. Dìgbòlugi burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ẹranko, kò sí ìwòsàn mọ́, ó sì ń ran ènìyàn.

Iṣẹ́ abẹ tí kì í jẹ́ kí abo lóyún mọ́ náà wà lára ohun tí a kì í gé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó san án. Bí a kò bá ṣe é fún abo ajá, ilé ọmọ rẹ̀ lè kún fún ọyún bó bá ń dàgbà. Iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì nìyẹn, owó rẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Ká má tíì sọ ti ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà tó lè bí lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo wọn yóò fẹ́ jẹun.

Ibì kan wà tí ẹ ti lè dín owó kù níbí láì pa á lára. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìgbà ọmọdé àti èyí tó tẹ̀ lé e lọ́dún kan, abẹ́rẹ́ parvovirus àti ti distemper (àrùn mìíràn tó ń ran ajá) sábà máa ń di ọdún mẹ́ta-mẹ́ta fún ajá. Àwọn mìíràn ṣì wà tó jẹ́ ti ọdọọdún, òfin ìlú sì ni ti dìgbòlugi máa ń tẹ̀ lé. Ẹ bi dókítà yín pé èwo ló tó àkókò lóòótọ́.

Ibi tí a ti lè gé

Abọ́ oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ẹranko ilé ló ń jẹ ju bó ti yẹ lọ, a sì ń fi owó wa ra àìsàn fún wọn. Èsì ìwádìí kan jáde ní 2002 lórí ajá 48 tí wọ́n jẹ́ Labrador, irú ajá ńlá kan. Wọ́n dín oúnjẹ àwọn ìdajì kù ní ìpín 25 nínú ọgọ́rùn-ún sí ti àwọn yòókù. Àwọn tí wọ́n dín tiwọn kù pẹ́ láyé ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ ní nǹkan bí ọdún méjì, àrùn oríkèé sì pẹ́ kó tó mú wọn. Nítorí náà, ẹ yéé fi ojú díwọ̀n. Ẹ fi ife kan náà wọn oúnjẹ ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti sanra jù, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra á ní ìhà: ó yẹ kí ọwọ́ yín bá egungun ìhà lọ́kọ̀ọ̀kan láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rá nìkan lẹ bá níbẹ̀, ẹ bi dókítà bí ẹ ó ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ológbò tó sanra kò gbọdọ̀ ṣàdédé gbààwẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè dàrú.

Aṣọ ẹranko, ohun ìṣeré olówó ńlá, ìpápánu, gbogbo ìyẹn lè lọ. Ẹ lè máa gé èékánná rẹ̀ fúnra yín bí wọ́n bá ti fi hàn yín lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa fọ eyín rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ eyín tí wọ́n ṣe fún ẹranko.

Àmọ́ o, ẹ má fi oògùn ènìyàn dín owó kù. Hóró paracetamol kan péré lè pa ológbò. Ibuprofen a máa ba ikùn àti kídìnrín ajá jẹ́.

Owó òjijì

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ya owó sọ́tọ̀ lóṣooṣù sínú àkáǹtì tí ẹ kì í fọwọ́ kàn, tàbí kí ẹ wọ ètò adójútòfò bó bá wà níbi tí ẹ ń gbé. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ti adójútòfò, ẹ ka ìwé rẹ̀ dáadáa. Wọn kì í sábà san owó àìsàn tó ti wà lára ẹranko ṣáájú. Iye kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín yóò gbé, tí wọn kò ní dá padà, iye oṣooṣù a sì máa gòkè bí ẹranko ṣe ń dàgbà. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ san gbogbo owó, kí wọ́n tó dá a padà. Nítorí náà, ẹni tó wọ adójútòfò pàápàá ṣì nílò owó díẹ̀ ní ìpamọ́. Lójú tèmi, adójútòfò dára jù fún ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹranko ṣì kéré.

Ẹ jókòó sọ ọ́ nílé

Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù. Ẹ pe ara yín jọ lọ́jọ́ tí kò sí wàhálà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ràn ẹranko náà ju ẹnì kejì lọ, kò yẹ kó dá pinnu. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà kò yẹ kó dá pinnu. Ẹ bi ara yín pé: mélòó la lè san lẹ́ẹ̀kan láì fọwọ́ kan owó ilé, oúnjẹ, owó ilé ìwé, àti oògùn ẹni tí ara rẹ̀ kò yá nínú wa? Kò sí ìtìjú nínú iye tí ẹ bá dárúkọ, bó ti wù kó kéré tó.

Kì í ṣe iye nìkan o. Ẹsẹ̀ tó kán lára ajá ọlọ́dún méjì lè jinná, kó sì máa sáré fún ọdún mẹ́wàá sí i. Owó kan náà lórí jẹjẹrẹ tó ti tàn káàkiri ara ajá ọlọ́dún 14 lè ra ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré, tí yóò sì kún fún ìrora. Ẹ jẹ́ kí ìpinnu yín yàtọ̀ síra lórí méjèèjì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ sínú fóònù gbogbo àgbà ilé, kí ẹni tó bá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lè rí i. Ẹ padà wò ó lọ́dọọdún.

Lọ́dọ̀ dókítà

Ẹ tètè sọ iye tí agbára yín ká. Dókítà tó mọ̀ yóò lè wá ọ̀nà mìíràn. Ẹ ní kó kọ iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í pé: "Bí èsì àyẹ̀wò yìí bá jáde, ṣé yóò yí ìtọ́jú padà?" Bí kò bá ní yí i padà, ẹ lè má ṣe é. Ẹ tún bi í pé: "Kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí a bá dúró di ọ̀la?" Àwọn àìsàn kan wà tí a kì í dúró fún. Akọ ológbò tó ń tiraka tí ìtọ̀ kò jáde lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ajá ńlá tí ikùn rẹ̀ wú, tó ń gbìyànjú láti bì tí nǹkan kan kò jáde, wákàtí díẹ̀ ló ní.

Bí owó kò bá sì tó, ẹ bèèrè ìtọ́jú tó kàn ń dín ìrora kù. Ẹ bèèrè bóyá ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì wà nítòsí, tàbí ẹgbẹ́ aláàánú tó ń ran ẹlẹ́ran lọ́wọ́. Bó bá sì jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ló kù, èyí tí dókítà fi ń jẹ́ kí ẹranko kú láì jẹ̀rora, ẹ bèèrè iye rẹ̀ àti ti ìsìnkú ṣáájú, kí ẹ lè dúró tì í láì máa ṣírò owó lọ́kàn. Òótọ́ ni kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ: ó ti kú, kò ní padà wá. Ẹ má sọ fún wọn pé ó sùn, torí ọmọ kékeré lè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oorun. Bí gbèsè bá ṣẹ́kù lọ́dọ̀ dókítà, ẹ pè é kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé ẹ fẹ́ máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, kí ẹ sì gba àdéhùn náà ní kíkọ.