Bí mo ṣe dín iná tí server ilé mi ń fà kù

Server tí mo fọwọ́ ara mi tò wà lábẹ́ tábìlì ní pálọ̀ wa n'Íbàdàn. Fọ́tò ẹbí, fíìmù àwọn ọmọ àti fáìlì iṣẹ́ mi ló wà nínú rẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni mo ń tàn án, àmọ́ agbára káká ló fi ń ṣiṣẹ́ gidi fún wákàtí méjì lójúmọ́. Ìyókù, ó kàn jókòó ni, ó sì ń fa iná.

Mo ra mítà kékeré tí wọ́n máa ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wáàtì 64 ló gbé jáde nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lo server náà rárá. Bátìrì inverter mi jẹ́ 12V, 200Ah, ìyẹn 2,400Wh, ìdajì rẹ̀ péré ni mo sì máa ń lò kó má bàa tètè kú. Tí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́wàá lóru, server nìkan á jẹ 640Wh nínú 1,200 yẹn. Tí iná bá sì wà, Band A ni wá: nígbà tí wọ́n gbé yúnìtì kan dé ₦225 ní April 2024, ìjókòó lásán yẹn lè ná èèyàn tó ẹgbàárùn-ún náírà lóṣù.

Ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé kí n dín eré processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kù. Mi ò gbà. i5-8500 ló wà nínú tèmi, fúnra rẹ̀ ló ń rọra sáré tí kò bá níṣẹ́. Bí oorun rẹ̀ ṣe jinlẹ̀ tó ni ọ̀rọ̀ wà. C-state ni wọ́n ń pe ìpele oorun yìí, bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni oorun ṣe jinlẹ̀ tó. Àmọ́ ó dà bí ilé tí ọmọ ìkókó wà: bí ọmọ kan ṣoṣo bá ń ké, ìyá ò lè sùn fọnfọn. Processor ni ìyá, àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà yòókù ni ọmọ. Mo tan powertop, ètò Linux tó ń fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń lo iná hàn, mo lọ sí "Idle stats", mo wo òpó Pkg, ìyẹn ti odindi processor. C2 ló wà, kò kọjá ibẹ̀.

Mo wọ BIOS, ibi ìtò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà, mo sọ C-States kúrò ní Auto sí Enabled, mo tan ASPM tó ń jẹ́ kí ojú ọ̀nà àwọn káàdì lè sùn, mo pa ohùn inú bọ́ọ̀dù. Wáàtì 61. Kò tó nǹkan.

Mo yọ káàdì àwòrán GTX 1050 Ti tí mo fi sí i nítorí fíìmù. Intel UHD 630 tó wà nínú processor ń ṣe iṣẹ́ fíìmù náà láìsí wàhálà. Mítà wá sí 52.

Ọ̀daràn gan-an ni káàdì LSI 9211-8i, tí mo so hard disk mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́. Irin tó bò ó lórí gbóná débi pé ìka mi ò lè pẹ́ lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ disk kankan ò ṣiṣẹ́ lásìkò náà. Ihò SATA mẹ́fà sì wà lórí bọ́ọ̀dù! Mo yọ káàdì, mo so àwọn disk tààrà mọ́ bọ́ọ̀dù, mítà já sí 40, Pkg sì bọ́ sí C3.

Lẹ́yìn náà ni mo tẹ `powertop --auto-tune`, tó ń tan àwọn ìṣètò ìdínkù iná, mo sì fi `med_power_with_dipm` sí ojú ọ̀nà SATA kọ̀ọ̀kan kó lè máa sùn. C8! Wáàtì 33. Tí ẹ bá tún un tàn, gbogbo rẹ̀ á pòórá, torí náà mo kọ ọ́ sínú systemd, tó ń bá mi ṣe é nígbàkígbà tí Linux bá bẹ̀rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù USB náà lè máa sùn lọ, ẹ má bẹ̀rù. Intel I219-V ni network bọ́ọ̀dù mi, kò dí mi lọ́wọ́. Àwọn tó ní Realtek, ẹ fi `lspci -vv` yẹ̀ ẹ́ wò, torí Linux sábà máa ń pa ASPM rẹ̀.

Ó ku àwọn disk. Disk ńlá kan tó ń yí lásán lè fa wáàtì mẹ́rin sí márùn-ún. Mo fi `hdparm -S 120` sí méjì tó jẹ́ ti backup, kí wọ́n sùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Méjì yòókù, mo fi wọ́n sílẹ̀, torí àwọn ọmọ ò ní jẹ́ kí wọ́n sinmi, títàn-pípa ṣáá sì ń pa disk lára. Síbẹ̀ àwọn ti backup ò sùn. Smartd ló ń jí wọn láti wo ìlera wọn. `-n standby` nínú smartd.conf ló yanjú ìyẹn.

Wáàtì 25 ló ń fà báyìí, 250Wh fún wákàtí mẹ́wàá. Power supply mi jẹ́ ti wáàtì 650, ó tóbi jù fún ẹrù tó kéré tó báyìí, ó dájú pé ó ń fi iná ṣòfò díẹ̀. Mi ò ní pààrọ̀ rẹ̀ ṣá, owó tuntun á pẹ́ kó tó padà wálé. Tí eléyìí bá kú, màá ra kékeré.