Bí Mo Ṣe Kó Èrò Àwọn Ìwé Ìròyìn Lárúbáwá Jọ Lórí Àtúnṣe Ìjọba ní Ọdún 2004

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ èdè Lárúbáwá lọ́dọ̀ wa ní Ìlọrin mọ ewì àtijọ́ dáadáa, wọ́n sì lè túmọ̀ rẹ̀ láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìwé atúmọ̀ kiri. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ ní Kairó tàbí ní Bẹ̀rúùtù síwájú wọn, wọn á kà á tán láìmọ ẹni tí òǹkọ̀wé náà ń bá wí. Èyí ló mú kí olórí ilé-kéwú wa pè mí lọ́jọ́ kan, tí ó ní, “Àáfà, ìwọ lo máa ń ka ìwé ìròyìn wọn. Bá wa ṣe àkójọ kan tí àwọn ọmọ yìí á fi mọ bí àwọn Lárúbáwá ṣe ń bá ara wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìlú wọn.” Mo ní, “Mo gbọ́, Bàbá.” Bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí ojoojúmọ́ ni à ń gbọ́ lórí rédíò pé “àwọn Lárúbáwá sọ pé,” bí ẹni pé ẹnu kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè kó sínú fáìlì kan lọ, nítorí náà mo wá àríyànjiyàn kan tí gbogbo ìwé ìròyìn ńlá dá sí, tí ó sì ní ìbẹ̀rẹ̀ tí a lè tọ́ka sí. Ní ọjọ́ 13, oṣù kejì, ọdún 2004, ìwé ìròyìn Al-Hayat tí wọ́n ń gbé jáde láti Lọ́ńdọ̀nù tẹ àkọsílẹ̀ kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí ọrọ̀ ajé wọn tóbi, tí à ń pè ní G8, èyí tí wọ́n fẹ́ gbé kalẹ̀ ní ìpàdé wọn ní Sea Island, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní oṣù kẹfà. Ètò fún Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn Títóbi ni wọ́n pè é. Ó dárúkọ ìdìbò tí kò ní màgòmágó, òmìnira ìwé ìròyìn, ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin àti ètò ọrọ̀ ajé gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Kò tíì pé ọdún kan nígbà náà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọ Ìráàkì, àwọn ìjọba Lárúbáwá sì ń ráhùn pé ẹnikẹ́ni kò bi àwọn léèrè. Olùkọ́ mi kan tó kàwé ní Kairó láyé ìgbà náà ti gé ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yọ̀ǹda àpótí ìwé rẹ̀ fún mi. Ìyókù ni mo wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí n tó ka àpilẹ̀kọ kankan, mo ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ìwé ìròyìn kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ẹni tó ni ín, ìlú tó ti ń jáde, àti ìjọba tí kò lè bá wí sí i. Apá yìí ni mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni lè fò ó. Àwọn ọmọ ìyá méjì láti ilẹ̀ Lẹ́bánónì, tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ Takla, ló dá Al-Ahram sílẹ̀ ní Alẹkisáńdíríà ní ọdún 1875, ṣùgbọ́n láti ọdún 1960 tí ìjọba Nasser ti gba àwọn ìwé ìròyìn Íjíbítì sọ́wọ́ ni ó ti di ti ìjọba, ìjọba ló sì ń pinnu ẹni tí yóò jẹ́ olóòtú rẹ̀. Kamel Mroue dá Al-Hayat sílẹ̀ ní Bẹ̀rúùtù ní ọdún 1946, wọ́n sì yìnbọn pa á nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní ọdún 1966. Nígbà tí ìwé ìròyìn náà tún dìde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1988, kò pẹ́ tí ó fi bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ọba Saudi kan, Khaled bin Sultan. Asharq Al-Awsat, tí wọ́n ń tẹ̀ sórí bébà aláwọ̀ ewé, bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1978, ti àwọn ará Saudi lòun náà. Al-Quds Al-Arabi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ bákan náà ní ọdún 1989, ọmọ Palẹsitínì tó ń jẹ́ Abdel Bari Atwan sì ni olóòtú rẹ̀ nígbà tí à ń wí yìí, ọkùnrin tí kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ nípa Amẹ́ríkà tàbí nípa ìdílé ọba Saudi. Ní Bẹ̀rúùtù, ìdílé Tueni ló ni An-Nahar láti ọdún 1933, ìwé ìròyìn yìí sì ń bá Síríà wí nígbà tí àwọn ọmọ ogun Síríà ṣì wà lórí ilẹ̀ Lẹ́bánónì. As-Safir tí Talal Salman dá sílẹ̀ ní ọdún 1974 wà ní òdìkejì, ó ń gbèjà ìṣọ̀kan Lárúbáwá àti àwọn tó ń bá Ísírẹ́lì jà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè ìdí tí ìwé ìròyìn Lárúbáwá fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní Lẹ́bánónì ní ọdún 1975 ló lé ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn kúrò ní Bẹ̀rúùtù, níbi tí ẹnu ti gbà wọ́n jù, owó epo rọ̀bì sì pàdé wọn lókè òkun. Ẹni tó ń kọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù lè sọ ohun tí ẹni tó wà ní Kairó kò lè sọ nípa Mubarak, ààrẹ Íjíbítì nígbà náà, ṣùgbọ́n ààfin ẹni tó ń san owó oṣù rẹ̀ kì í sábà sí nínú ohun tó lè fọwọ́ kàn.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá ka àkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà náà fúnra rẹ̀, n kò gbára lé ohun tí àwọn òǹkọ̀wé ní ó wí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé inú ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2002 àti 2003 lórí ìdàgbàsókè ilẹ̀ Lárúbáwá ni wọ́n ti kó ẹ̀rí wọn, ìwádìí tó jẹ́ pé àwọn onímọ̀ Lárúbáwá ló ṣe é. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un pé ohun mẹ́ta ló wọ́n àwọn orílẹ̀-èdè náà, ìyẹn òmìnira, ìmọ̀, àti ipò tó yẹ fún obìnrin. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti mú un pé owó tí gbogbo orílẹ̀-èdè Lárúbáwá 22 ń pa wọlé lọ́dún kò tó ti Sípéènì nìkan, àti pé mílíọ̀nù 65 àgbàlagbà ni kò mọ̀wé kọ tàbí kà, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn sì jẹ́ obìnrin. Mo tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì, mo sì ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iye àwọn aláìmọ̀wé wà nínú méjèèjì. Ti Sípéènì wà nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìwádìí ti ọdún 2002 sọ gbangba pé bí Ísírẹ́lì ṣe gba ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá mọ́ wọn lọ́wọ́ wà lára ohun tó ń dènà ìlọsíwájú agbègbè náà, ọ̀rọ̀ yẹn ni kò sì dé inú àkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ibi tí mo ti rí ìyàtọ̀ yìí ni àpilẹ̀kọ Nader Fergany ti wá yé mi. Ọmọ Íjíbítì ni, òun sì ni aṣáájú àwọn tó kọ ìwádìí náà. Al-Hayat kan náà tó tú àṣírí àkọsílẹ̀ yìí ló gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù kejì. Kò sẹ́ àwọn iye náà, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n. Ohun tó kọ̀ ni pé kí Washington fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí fún ètò tí wọ́n fẹ́ gbé ka àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí. Síbẹ̀ kò gbèjà àwọn olórí ìjọba, ẹni tó kọ ìwádìí bẹ́ẹ̀ nípa àìsí òmìnira kò sì lè gbèjà wọn. Mo fi àpilẹ̀kọ yìí sí iwájú fáìlì, nítorí ẹni tó bá pín àwọn òǹkọ̀wé sí “ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà” àti “ọ̀tá Amẹ́ríkà” kò ní rí ibi tí yóò fi Fergany sí.

Gbólóhùn kan ló ń jáde léraléra nínú gbogbo ohun tí mo kà: àtúnṣe gbọ́dọ̀ wá láti inú ilé. Ìjọba Íjíbítì àti ti Saudi sọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní oṣù kejì náà nígbà tí Mubarak lọ sí Riyadh, pé àwọn kò gba irú àtúnṣe kan tí wọ́n bá fi ipá mú wá láti ìta. Àwọn òǹkọ̀wé tún máa ń pa òwe “ọwọ́ ara mi ni, kì í ṣe ọwọ́ Amr,” ọ̀rọ̀ tí ìtàn fi sẹ́nu ọbabìnrin al-Zabba nígbà tó gbé májèlé jẹ kí Amr ọ̀tá rẹ̀ tó pa á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti mọ ìtàn yẹn láti inú ẹ̀kọ́ wọn, inú wọn sì dùn láti bá a pàdé nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú òde òní. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn tó ń tako ìjọba náà ni gbólóhùn kan náà ti ń jáde. Ní ọjọ́ 12 sí 14, oṣù kẹta, àwọn onímọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ aráàlú láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè péjọ sí ilé ìkàwé ńlá Alẹkisáńdíríà, wọ́n sì jáde pẹ̀lú ìwé àjọfọwọ́sí tí ó béèrè pé kí wọ́n fagi lé òfin pàjáwìrì tí ìjọba fi ń ti ènìyàn mọ́lé láìsí ẹjọ́, kí wọ́n dá àwọn tí wọ́n tì mọ́lé nítorí èrò wọn sílẹ̀, kí ìwé ìròyìn gba òmìnira, kí olórí ìjọba sì ní iye ìgbà tí yóò lò. Mubarak fúnra rẹ̀ ló ṣí ìpàdé náà, mo sì mọ̀ pé èyí mú kí àwọn kan fojú kékeré wò ó, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò rọ̀ rárá. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ìpàdé náà parí, ìyẹn ọjọ́ 16, ìjọba Saudi kó àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ tó ń béèrè àtúnṣe, lára wọn sì ni Abdullah al-Hamid àti Matruk al-Faleh. Inú ilé ni àwọn wọ̀nyẹn ti sọ̀rọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ohun tó tẹ̀ lé gbólóhùn náà nínú àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan. Bí ohun tó tẹ̀ lé e bá jẹ́ pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìṣísẹ̀ tirẹ̀, pé kí á má kánjú, mo fi sí apá kan. Bí ó bá jẹ́ orúkọ òfin kan tó yẹ kí wọ́n fagi lé, tàbí orúkọ ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, mo fi sí apá kejì. Apá kẹta wà fún àwọn tí kò kọ ìrànlọ́wọ́ láti ìta, irú Saad Eddin Ibrahim, onímọ̀ Íjíbítì tí ìjọba Mubarak tì mọ́lé ní ọdún 2000 kí ilé ẹjọ́ tó dá a láre ní ọdún 2003. N kò lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi pé ó gba ọwọ́ tí wọ́n nà sí i láti òkèèrè.

Mo tún kọ ọjọ́ sí orí àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan, nítorí ohùn wọn ń yí padà bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹta, Ísírẹ́lì pa Ṣéèkì Ahmed Yassin, olórí ẹgbẹ́ Hamas, ní Gásà. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹrin, Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí Sharon, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, pé kò bọ́gbọ́n mu láti retí pé Ísírẹ́lì yóò padà pátápátá sí ààlà ọdún 1949, ọjọ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn tí Mubarak bẹ Bush wò ní ilé rẹ̀ ní Crawford, ní ìpínlẹ̀ Texas. Nígbà tí oṣù náà sì ń parí lọ, àwòrán bí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣe ń fìyà jẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Abu Ghraib ní Ìráàkì jáde sí gbogbo ayé. Òótọ́ ni pé àwọn olórí ìjọba ń fi ọ̀rọ̀ Palẹsitínì bojú, ṣùgbọ́n ẹ̀dùn ọkàn tó wà nínú àwọn àpilẹ̀kọ oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún kì í ṣe ẹ̀tàn. Ẹni tó ń bá ìjọba rẹ̀ jà fún òmìnira wá rí i pé àwọn tó ń wàásù òmìnira náà ló ń fi ẹlẹ́wọ̀n ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìpàdé àwọn olórí Lárúbáwá tó yẹ kó wáyé ní Túnísì ní ìparí oṣù kẹta di èyí tí wọ́n sún síwájú nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ó sì di ọjọ́ 22 sí 23, oṣù karùn-ún kí wọ́n tó ṣe é. Wọ́n gbé ìwé kan jáde lórí àtúnṣe, láìdá ọjọ́ fún ohunkóhun. Ní Sea Island, ètò Amẹ́ríkà ti yí orúkọ padà, ó sì ti rọ̀. Mubarak àti àrẹ̀mọ Saudi kò lọ. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn olórí Áfíríkà mìíràn, lórí ọ̀rọ̀ ti Áfíríkà.

Nígbà tí mo gbé àkójọ náà kalẹ̀, ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, “Àáfà, ẹ jọ̀wọ́, nínú gbogbo wọn, ta ni kí á gbà gbọ́?” Mo sọ fún un pé kí ó wo ohun tí ọ̀rọ̀ lè ná ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń bú Washington kò ní sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Kairó tó dárúkọ òfin pàjáwìrì mọ ohun tó lè dé bá òun. Mo dárúkọ Samir Kassir àti Gebran Tueni ti An-Nahar fún wọn, àwọn méjèèjì tí wọ́n fi bọ́ǹbù pa ní Bẹ̀rúùtù ní oṣù kẹfà àti oṣù kejìlá ọdún 2005. Mo dárúkọ Jamal Khashoggi, tí wọ́n yọ kúrò nípò olóòtú Al-Watan ní Saudi ní ọdún 2003, tí wọ́n sì pa nínú ilé iṣẹ́ aṣojú Saudi ní Istanbul ní ọjọ́ 2, oṣù kẹwàá, ọdún 2018. Òmìnira láti sọ èrò ẹni ní ilẹ̀ Lárúbáwá ni àpilẹ̀kọ rẹ̀ ìkẹyìn dá lé. Ilé-kéwú ni a wà, a sì ṣe àdúà fún wọn kí á tó tẹ̀síwájú.

Ojú ewé tí mo fi parí fáìlì náà ni mo kọ àwọn ohun tí wọ́n béèrè ní Alẹkisáńdíríà sí, mo sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní Íjíbítì sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Òfin pàjáwìrì tó ti wà láti ọdún 1981 kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, lẹ́yìn tí aráàlú ti lé Mubarak lọ. Ó padà ní oṣù kẹrin ọdún 2017, ó sì tún lọ ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Ìwé òfin ti ọdún 2014 fún ààrẹ ní sáà méjì, ọdún mẹ́rin mẹ́rin, ṣùgbọ́n àtúnṣe ọdún 2019 sọ sáà kan di ọdún mẹ́fà, ó sì ṣí ọ̀nà fún Ààrẹ Sisi láti wà lórí oyè di ọdún 2030. Ti Tùnísíà, ti Saudi àti ti Síríà ni mo pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n fi irú ìlànà kan náà wá a jáde fúnra wọn.