Nínú ìdíje káàdì poker, tó o bá ní chip (àmì tí wọ́n fi ń ta káàdì) jù lórí tábìlì ìkẹyìn, má jókòó tẹtẹrẹ

Ẹ̀yin tèmi, àwọn tí chip wọn wà láàárín lẹ máa fúngun mọ́ o, torí wọ́n ń wo ẹni tó kù bíńtín lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ń dúró kó kọ́kọ́ jáde kí owó ẹ̀bùn tiwọn lè gòkè, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa ju káàdì tó dáa nù tẹ́ ẹ bá ti fowó lé e. Ká ní blind, ìyẹn chip tó pọn dandan kí ẹni méjì fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì, jẹ́ 10,000 (kékeré) àti 20,000 (ńlá), gbogbo èèyàn ti ju káàdì sílẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ yín lórí button (ipò ẹni tó ń pín káàdì), ẹni tó wà ní blind ńlá ní 400,000, ẹ̀yin ní 1,600,000: ẹ gbé 45,000 kalẹ̀, kódà kó jẹ́ K àti 6 ló wà lọ́wọ́ yín. Báyẹn náà ni Jamie Gold ṣe fi chip rẹpẹtẹ dà wọ́n láàmú níbi ìdíje poker àgbáyé (World Series of Poker) ní Las Vegas lọ́dún 2006, tó sì gba mílíọ̀nù 12 dọ́là.

Ẹni tí chip ẹ̀ ṣìkejì tiyín ńkọ́? Ẹ yẹra fún un jàre, òun ló lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ẹni tó kù bíńtín ò bẹ̀rù nǹkan kan mọ́, ẹ má díbọ́n fún un pé káàdì yín dáa, káàdì gidi ni kẹ́ ẹ fi kojú ẹ̀.