Orí tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìgò: bí mo ṣe ṣe é

Káfíńtà ni mí ní Los Angeles. Àwọn Látínò kan tó ń ṣeré orí ìtàgé ládùúgbò wa ló bẹ̀ mí níṣẹ́ fún eré ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n kọ lórí Zorro, akọni inú ìtàn tó máa ń bojú, tó ń fi idà jà fún àwọn tí wọ́n ń ni lára. Wọ́n ní àwọn ń fẹ́ orí èèyàn nínú ìgò, kó sì máa sọ̀rọ̀.

Orí Joaquín Murrieta ni. Ará Mẹ́síkò tó wá wa wúrà ní California ni wọ́n ní ó jẹ́. Akọni ni lójú àwọn èèyàn rẹ̀, olè ẹṣin ni lójú ìjọba. Lọ́dún 1853, àwọn ẹlẹ́ṣin tí Harry Love jẹ́ olórí wọn yìnbọn pa ọkùnrin kan, wọ́n ní òun ni. Wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n rẹ ẹ́ sínú ọtí, wọ́n sì ń gba dọ́là 1 lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Lọ́dún 1919 ni Johnston McCulley kọ ìtàn Zorro, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ó bù lára ìtàn Joaquín. Ṣùgbọ́n Zorro tirẹ̀ ti di ọmọ ọlọ́lá. Nínú eré yìí, bí Zorro ṣe ń fi idà jó kiri, bẹ́ẹ̀ ni orí inú ìgò ń béèrè owó rẹ̀.

Tábìlì ni mo kọ́kọ́ kàn. Mo gé ihò sáàárín rẹ̀, mo wá la ojú rẹ̀ sí méjì, kí n lè pa á pọ̀ mọ́ òṣèré lọ́rùn. Mo fi aṣọ pupa bo ẹsẹ̀ rẹ̀ délẹ̀, mo sì gbé àpótí ìjókòó sábẹ́ rẹ̀. Ìgò gidi léwu, torí náà rọ́bà tó mọ́ gara ni mo ká bí ìgò, mo fi ọmọrí onígi dé e.

Lọ́jọ́ ìdánrawò, kò pẹ́ rárá tí èémí fi bo ìgò náà bí kùrukùru. A ò rí ojú, a ò gbóhùn. Mo lu ihò mẹ́jọ sí i lẹ́yìn, kò tó. Mo bá gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò pátápátá. Ta ló fẹ́ lọ wo ẹ̀yìn?

Nígbà tó wá sọ̀rọ̀ dáadáa, agbárí inú àlọ́ ló sọ sí mi lọ́kàn, èyí tó wí fún ọdẹ pé ẹnu ló pa òun. Mo sọ ọ́ fún obìnrin tó kọ eré náà. Ó ní tiwọn kò rí àyè sọ̀rọ̀ àfi ìgbà tó kú tán.

Lálẹ́ ọjọ́ eré, orí náà pariwo pé: “Dọ́là kan lórí ẹnì kan, láti 1853! Ta ló ń gbà á?” Ni ìyá àgbà kan bá dìde níwájú, ó fi dọ́là 1 sórí tábìlì. Kò sí nínú eré. Ọwọ́ òṣèré wà lábẹ́ tábìlì, kò lè mú un. Zorro ló rọra rìn wá, ó tẹríba fún ìyá náà, ó sì ki owó bọ àpò.