Sítíìkì Tẹlifíṣọ̀n Tó Ń Kú Tó Tún Ń Jí: Bí Mo Ṣe Wá Ìdí Rẹ̀

Ẹ̀rọ tí mo tún ṣe yìí ni sítíìkì kékeré tí wọ́n máa ń kì bọ ojú HDMI lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, èyí tó ń lo Android, tó ní RAM 1.5GB àti ibi ìpamọ́ 8GB. Ohun tó ń ṣe kò ṣàjèjì: èèyàn á tẹ fíìmù, fíìmù á bẹ̀rẹ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n á ṣókùnkùn lójijì, àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é á yọ, a ó tún bá ara wa ní ojú ìwé àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tàn án sílẹ̀ láìtẹ nǹkan kan, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ láìkú. Ẹni tó bá gbọ́ èyí dáadáa ti gbọ́ ìdajì ìdáhùn. Àìsàn tó ń dé nígbà iṣẹ́, tí kì í dé nígbà ìsinmi, iná tí kò tó tàbí ooru ló sábà máa ń fà á.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ ṣe "Factory reset", ìyẹn nínu gbogbo inú ẹ̀rọ bí ìgbà tó jẹ́ tuntun, kí wọ́n tó wo ohunkóhun mìíràn. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí iná tó ń wọ inú ẹ̀rọ kò bá tó, kò sí bí a ṣe lè nu inú rẹ̀ tó tí iná yẹn yóò fi pọ̀ sí i. Èrè kan ṣoṣo tí a ó jẹ ni pé a ó tún jókòó máa fi rìmóòtù tẹ pásíwọọ̀dù Wi-Fi àti ti gbogbo áàpù, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń kú lóòótọ́. Ẹ̀rọ tó kú yàtọ̀ sí áàpù tó ṣubú. Bí áàpù bá ṣubú, ojú ìwé àkọ́kọ́ la ó padà sí kíákíá, àmì ilé-iṣẹ́ kò sì ní yọ rárá. Bí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bá kú, àmì yẹn gbọ́dọ̀ yọ, yóò sì pẹ́ díẹ̀ kí a tó rí nǹkan tẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n pàápàá lè purọ́ mọ́ sítíìkì. HDMI ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní CEC, tó ń jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n àti àwọn ohun tó so mọ́ ọn lè máa pa ara wọn kí wọ́n sì máa tan ara wọn. Bí dikódà tó wà lójú HDMI kejì bá ń rán àṣẹ kiri, ojú tẹlifíṣọ̀n lè ṣókùnkùn, kó yí sí ibòmíràn, kí onílé sì máa bú sítíìkì tí kò ṣẹ̀. Mo pa CEC nínú "Settings" tẹlifíṣọ̀n láti yọ ọ́ kúrò lára àwọn afurasí. Àmì ilé-iṣẹ́ ṣì ń yọ, nítorí náà ó ń kú lóòótọ́.

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè bi sítíìkì fúnra rẹ̀ léèrè ohun tó pa á. Mo wọ "Settings", mo wọ "Device Preferences", mo wọ "About", mo wá tẹ "Build" lẹ́ẹ̀méje. "Developer options" yọ, mo sì tan "USB debugging" níbẹ̀. Lórí àwọn sítíìkì mìíràn, "ADB debugging" ni wọ́n ń pè é. Mo wo àdírẹ́sì IP rẹ̀ lábẹ́ ètò Wi-Fi. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Wi-Fi kan náà, mo kọ adb connect (adb ni ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ Android sọ̀rọ̀), mo fi àdírẹ́sì náà tẹ̀lé e, mo fi :5555 parí rẹ̀. Sítíìkì béèrè lójú tẹlifíṣọ̀n bóyá kí òun gba kọ̀ǹpútà náà láàyè, mo sì ní kó gbà á.

Àṣẹ méjì péré ni mo nílò. Èkíní ni adb shell uptime, tó ń sọ bó ti pẹ́ tó tí ẹ̀rọ náà ti wà lójúfò. Bó bá sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbà tó jẹ́ pé àárọ̀ la tàn án, ó ti kú láàárín ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Èkejì ni adb shell getprop sys.boot.reason, tó ń ṣiṣẹ́ láti Android 9 sókè. Bí èsì rẹ̀ bá jẹ́ kernel_panic tàbí watchdog, inú ètò ni wàhálà wà. Bó bá jẹ́ shutdown,thermal, ooru ni. Bó bá jẹ́ cold, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹ̀rọ náà kò rí àyè kọ nǹkan kan sílẹ̀ kí iná tó já lára rẹ̀. Cold ni tèmi. Mi ò ní gbára lé èsì yìí nìkan, nítorí àwọn sítíìkì olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé reboot ni wọ́n máa ń kọ, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tó láti mọ ibi tí a ó kọ́kọ́ yà sí. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ padà lọ pa debugging yẹn. Ilẹ̀kùn ni, kò yẹ kó wà ní ṣíṣí.

Mo wá kọjú sí iná. Ibi tí sítíìkì yìí ti ń gba iná ni ojú USB tó wà lára tẹlifíṣọ̀n, wáyà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn ní mítà méjì ló sì gbé e lọ bá a. Amp (A) ni ìwọ̀n bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó, fóltéèjì (V) ni ìwọ̀n agbára tó ń tì í. Ojú USB 2.0 kò ṣèlérí ju 0.5A lọ, ti USB 3.0 kò ṣèlérí ju 0.9A lọ. Ara sítíìkì ni wọ́n kọ ọ́ sí pé 5V, 1A ló fẹ́. Mo yọ ọ́ kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, mo fi í sínú ṣájà 5V, 1A lára ògiri, pẹ̀lú wáyà kan náà. Ó sàn díẹ̀, àmọ́ ó ṣì ń kú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ pé "iná kọ́ nìyẹn", tí wọ́n á sì yí padà sí reset. Ṣájà nìkan ni wọ́n pààrọ̀, wọ́n fi wáyà sílẹ̀.

Mo fi mítà USB sáàárín, irú kékeré tó ń fi V àti A hàn. Lára ṣájà, ó ka 5.0V. Níbi tí wáyà parí sí, lẹ́nu sítíìkì, ó ka ohun tó yàtọ̀. (Láti wọ̀n ọ́n níbẹ̀, mo lo ohun ìsopọ̀ kékeré tó ń yí ẹnu micro-USB padà sí USB ńlá, mo ki mítà bọ̀ ọ́, mo wá fi wáyà kúkúrú kan gbé iná dé ọ̀dọ̀ sítíìkì.) Ní ojú ìwé àkọ́kọ́, sítíìkì ń fa nǹkan bí 0.35A, fóltéèjì sì wà ní 4.7V. Nígbà tí fíìmù 1080p bẹ̀rẹ̀, ó ń fa 0.7A, fóltéèjì já sí 4.4V. Àwọn ìgbà kéékèèké tí Wi-Fi àti ibi tó ń ṣí fídíò bá fa iná pa pọ̀ lójijì kò pẹ́ tó kí mítà rí wọn, ṣùgbọ́n sítíìkì ń rí wọn. Nínú rẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà tó ń sọ 5V di 3.3V àti àwọn tó tún kéré sí i wà. Bí ohun tó ń wọlé bá já ju bó ti yẹ lọ, ọpọlọ ẹ̀rọ á tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ó má baà ṣe ìṣirò òdì.

Kí ló jẹ iná náà lójú ọ̀nà? Wáyà ni. Inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, okùn bàbà 28 AWG (AWG ni nọ́ńbà tó ń sọ bí okùn ṣe nípọn tó) ló sábà máa ń wà, èyí tó ní nǹkan bí 0.21 ohm ní mítà kan (ohm ni ìwọ̀n bí okùn ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó). Iná ń lọ, iná ń bọ̀, nítorí náà mítà méjì wáyà jẹ́ mítà mẹ́rin bàbà. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 0.85 ohm. Ẹ fi 0.7A sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 0.6V tó ṣègbé kó tó débẹ̀. Ó bá ohun tí mítà sọ mu. Bí sítíìkì bá fa 1A gédégbé, 4.15V péré ló máa kù fún un. Bàbà 24 AWG tí kò gùn ju mítà kan lọ, nǹkan bí 0.17V péré ló máa jẹ lórí 1A.

Nítorí náà wáyà ni mo rà. Nígbà tí a bá ń rà á, ẹ má wo bí rọ́bà rẹ̀ ṣe ki tó, nítorí rọ́bà kì í gbé iná. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Bí ẹ bá rí "28AWG/1P 24AWG/2C", 1P ni okùn méjì tó ń gbé dátà, 2C ni okùn méjì tó ń gbé iná. 2C yẹn ni kí ẹ wò, bí nọ́ńbà AWG bá sì ṣe ń kéré sí i ni okùn ṣe ń nípọn sí i. Èyí tí wọn ò tẹ nǹkan kan sí lára, mi ò kì í rà á fún iṣẹ́ báyìí. Wáyà tó bá sítíìkì wá láti inú páálí sábà máa ń dára. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tó bá sọnù tí wọ́n sì fi wáyà fóònù àtijọ́ rọ́pò rẹ̀.

Nípa ṣájà, amp tó ju ohun tí sítíìkì fẹ́ lọ kì í ba nǹkan jẹ́. Sítíìkì ló ń fa iye tó fẹ́. Fóltéèjì ló gbọ́dọ̀ jẹ́ 5V. Mo fi ṣájà 5V, 2A sí i kí ó lè ní àlékún. Ṣájà àtijọ́ lè kà 5V lórí mítà síbẹ̀ kó jẹ́ pé kàpásítọ̀ inú rẹ̀ (ẹ̀yà tó ń di iná mú fún ìgbà díẹ̀) ti gbẹ, tí iná tó ń tú jáde sì ń gbọ̀n. Mítà kékeré kì í rí ìgbọ̀n yẹn. Pààrọ̀ rẹ̀ ni ìdánwò tó rọrùn jù. Ẹ má tú u wò o. Kàpásítọ̀ tó wà níbi tí iná ilé ti ń wọ inú ṣájà lè di nǹkan bí 325V mú, kó sì ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri.

Iná NEPA tó rẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́ kì í sábà jẹ́ ẹjọ́ níbí, nítorí 100V sí 240V ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ ṣájà báyìí. Àmọ́ bí sítíìkì bá ń kú ní àkókò tí NEPA bá mú iná lọ tí ínfátà gba iṣẹ́, kò sí ohun tó ṣe é. Àkókò tí ínfátà fi yí padà ló pẹ́ ju ohun tí ṣájà lè dì mú. Ọ̀pọ̀ ínfátà ní ipò "UPS" tó ń yára yí padà ju ipò tó kù lọ. Ẹ gbé e síbẹ̀. Àwọn UPS kéékèèké tí a ń fi sídìí ráútà náà ní ojú USB 5V, ó sì wúlò fún èyí dáadáa.

Lẹ́yìn wáyà àti ṣájà, fóltéèjì ẹnu sítíìkì kò wálẹ̀ ju 4.85V lọ. Ìkú ojú ẹsẹ̀ dópin. Ó wá ku ọ̀kan: tí wọ́n bá ń wo bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án gangan, ó lè kú lẹ́yìn wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀. Èsì boot reason ti yí padà sí shutdown,thermal. Tẹlifíṣọ̀n náà wà lára ògiri, sítíìkì sì há sáàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ògiri, níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti lè kọjá, tí ooru tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ sì ń fẹ́ sí i. HDMI kúkúrú tó ń bá ọ̀pọ̀ sítíìkì wá nínú páálí, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń jù sínú dúrọ́ọ̀, nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Mo fi í fa sítíìkì jáde sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ibi tí afẹ́fẹ́ wà. Wi-Fi rẹ̀ náà lágbára sí i, torí irin ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kò dí i mọ́.  Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń gbé e sínú fìríìjì láti mú un tutù, ìrì ló máa sẹ̀ sínú rẹ̀.

Ibi ìpamọ́ kò gba àkókò púpọ̀. adb shell df -h /data fi hàn pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, nítorí ètò Android fúnra rẹ̀ ti gba apá púpọ̀ nínú 8GB náà. Mo yọ àwọn áàpù tí ẹnikẹ́ni ò lò, mo tẹ "Clear cache" fún àwọn tó kù. Ẹ má ṣì í tẹ "Clear data" bí ẹ ò bá fẹ́ tún wọlé pẹ̀lú pásíwọọ̀dù.

Ìdí mìíràn tí mi ò fi padà sí ojú USB tẹlifíṣọ̀n ni àfikún ètò. Sítíìkì sábà máa ń gbé ètò tuntun wọlé nígbà tí kò sí ẹni tó ń lò ó. Bí ẹnì kan bá pa tẹlifíṣọ̀n ní àárín rẹ̀, ojú USB ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n á pa pẹ̀lú rẹ̀, iná á já nígbà tí ìkọ̀wé ń lọ lọ́wọ́. Irú rẹ̀ ló máa ń bí sítíìkì tó ń yọ àmì ilé-iṣẹ́, tó ń kú, tó tún ń yọ ọ́, láìdé ojú ìwé àkọ́kọ́. Bí ẹ bá bá a báyẹn, ẹ fún un ní ṣájà tó dára àti wáyà kúkúrú, ẹ gbé e lọ sára tẹlifíṣọ̀n mìíràn, kí ẹ wá ṣe "Factory reset" láti inú recovery (ojú ìwé àtúnṣe tó ń ṣí láìdúró de Android) bí olùṣe rẹ̀ bá fi bọ́tìnì ọ̀nà yẹn sílẹ̀. Bó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣeé ṣe kí eMMC tó ń pa ètò mọ́ ti gbó. Wọ́n jó o mọ́ pátákó ni, owó iṣẹ́ àti ti ẹ̀yà náà á sì sún mọ́ owó sítíìkì tuntun. Mi ò ní ná an.