Bí mo ṣe dúró béèlì fún ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ

Nínú ilé tí à ń gbé ní Èkó, èmi nìkan ni mo ń gba owó oṣù. Tíṣà ìjọba ni mí. Àwọn tó kù ń tajà, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń wa kẹ̀kẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìlẹ̀kùn tèmi ni Ìyá Ẹlẹ́kọ wá kàn nígbà tí ọlọ́pàá mú ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju ìjà lọ. Iṣẹ́ kápẹ́ńtà lọmọ yìí ń kọ́. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ já pákó sí ẹ̀gbẹ́ títì, awakọ̀ kan ní wọ́n dínà mọ́ òun, ni wọ́n bá wọ̀yá ìjà, gíláàsì mọ́tò sì fọ́. Ẹ̀sùn tí wọ́n kọ ni pé wọ́n da àlàáfíà ìlú rú, wọ́n sì ba dúkìá jẹ́.

Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ọ́ ní abala 35 pé bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé e débẹ̀. Kóòtù tiwa, ẹsẹ̀ lásán la fi ń rìn débẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n mú un. Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kó tó fojú kan adájọ́. Lára ògiri àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ẹni tó jókòó sábẹ́ àkọlé yẹn gan-an ló ń dárúkọ iye owó fún wa. Nígbà tí mo ní kí n dúró fọ́mọ náà, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọkọ yín ńkọ́?" Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ti sọ pé wọn kò gbọdọ̀ kọ onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin nìkan. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ka òfin sí ọlọ́pàá létí lóru? Àwọn tí wọ́n jọ mú, tí ẹbí wọn rówó dá jọ, lọ sílé. Èyí tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ ló délé ẹjọ́.

Obìnrin ni májísíréètì tó gbọ́ ẹjọ́ náà, n kò sì ní purọ́ mọ́ ọn: ó fara balẹ̀, ó bi ọmọ náà bóyá ó gbọ́ ohun tí wọ́n kà sí i létí. Ó fún un ní béèlì 100,000 náírà, pẹ̀lú onídùúró méjì ní iye kan náà. Kí àwọn méjèèjì níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, kí wọ́n mú ìwé owó orí ọdún mẹ́ta tí wọ́n san fún ìjọba Èkó wá, kí òṣìṣẹ́ kóòtù sì lọ wo ilé wọn. Títí wọ́n á fi rí i ṣe, ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Ìyá Ẹlẹ́kọ bú sẹ́kún nítorí 100,000 yẹn. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù dúdú bíi ti lọ́yà sì ti dúró tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù, ó ní kó mú 40,000 wá, òun á bá a wá onídùúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: nínú irú béèlì báyìí, ẹnikẹ́ni kì í san 100,000 náà sílẹ̀. Ìlérí ni. Onídùúró ń fọwọ́ síwèé pé bí ẹlẹ́jọ́ bá sá lọ, òun ni òun á san án. Àìmọ èyí ni àwọn "charge and bail", ìyẹn àwọn lọ́yà tó ń dúró kiri wá ẹni tó fẹ́ gba béèlì, fi ń jẹun lẹ́nu ọ̀nà kóòtù.

Ìwé gan-an ni wàhálà. Tèmi kò nira púpọ̀, nítorí inú owó oṣù mi ni wọ́n ti ń yọ owó orí. Mo gba lẹ́tà lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé, mo mú káàdì ìdánimọ̀, ìwé owó oṣù, ìwé owó orí, fọ́tò pélébé, mo sì búra síwèé ní ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù. Òṣìṣẹ́ tó máa wá wo ilé ní kí n fún òun lówó epo. Mo fún un. Ó dé, ó wo òkè wo ilẹ̀, ó bi onílé bóyá mò ń gbébẹ̀, ó lọ.

Onídùúró kejì ni a kò rí. Onílé ní òun kì í lọ sí kóòtù. Ọ̀gá kápẹ́ńtà múra tán láti dúró, ó sì gbé ọ̀rá kan tó kún fún rìsíìtì wá: ti káńsù, ti ẹgbẹ́, ti ilẹ̀, ti àwọn tó ń gba owó ojoojúmọ́. Ọkùnrin yìí ń sanwó fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí kóòtù ń pè ní owó orí nínú gbogbo rẹ̀. Ẹbí, ará àdúgbò, ará mọ́ṣáláṣí, bákan náà ni gbogbo wọn. Ẹni tí tálákà mọ̀, tálákà bíi tirẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ yìí wá, wọ́n gbé ọkùnrin kan wá tí wọ́n ní ó fi jìbìtì gba mílíọ̀nù lọ́nà mélòó kan. Májẹ̀mú béèlì tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiwa dọ́gba: onídùúró méjì, owó orí, ilé wíwò. Lọ́yà rẹ̀ ṣí fáìlì, gbogbo ìwé ti wà níbẹ̀ létòlétò. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti wà nínú mọ́tò rẹ̀. Adájọ́ kò ṣe ojúsàájú. Ohun kan náà ló béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyà ti jẹ ọ̀kan. Lórílẹ̀-èdè yìí, ó tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà lẹ́wọ̀n tí wọn kò tíì dá ẹjọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ abala 36 òfin ọdún 1999 yẹn ní aláìlẹ́bi ni wọ́n títí ilé ẹjọ́ á fi sọ pé wọ́n jẹ̀bi.

Alàgbà kan ló júwe Office of the Public Defender fún wa. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló ń sanwó fún àwọn lọ́yà ibẹ̀ láti gbèjà ẹni tí kò lè gba lọ́yà. Ti ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni Legal Aid Council. Àwọn Public Defender béèrè iye tó ń wọlé fún Ìyá Ẹlẹ́kọ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọn kò sì gba kọ́bọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin lọ́yà tí wọ́n fún wa ló sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa tẹ́lẹ̀: èèyàn lè padà sọ́dọ̀ adájọ́ kan náà pé májẹ̀mú béèlì ti ju agbára òun lọ, kó bá òun dín in kù. Ó kọ̀wé, ó ṣàlàyé irú àdúgbò tí a ń gbé, ó tọ́ka sí èmi tí ìwé mi ti pé. Májísíréètì gbọ́. Ó di onídùúró kan, 50,000 náírà.

Mo fọwọ́ síwèé. A gba ìwé ìtúsílẹ̀ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, a sì tètè lọ, nítorí ìwé tó bá pẹ́ dé di ti ọ̀la. Ọmọ náà jáde nírọ̀lẹ́, ebi ń pa á.

Ẹjọ́ kò tíì parí o. Wọ́n ṣì ń sún un síwájú, nígbà mìíràn nítorí pé ọlọ́pàá tó mú un kò yọjú. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá ni mò ń jí ọmọ náà fúnra mi, torí 50,000 tèmi ló wà nílẹ̀. Ọ̀gá kápẹ́ńtà ní tirẹ̀ ti lọ forúkọ sílẹ̀ láti máa san owó orí. Ó ní òun kò ṣe é nítorí ìjọba rárá, ọmọ iṣẹ́ mìíràn ṣì wà lọ́dọ̀ òun.