Bí mo ṣe kọ àròkọ aṣọ tí olóòtú kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fi àròkọ ránṣẹ́ sí àwọn mágásíìnì oge, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni wọn kò dá mi lóhùn. Nígbà tí mo tún wọn kà, "aṣọ náà rẹwà", "ó gbayì", "ó dá yàtọ̀" ló kún inú wọn fọ́fọ́. Ẹni tó bá kà wọ́n kò lè mọ bí aṣọ ọ̀hún ṣe rí. Ó dùn mí gan-an, torí iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ fi ayé mi ṣe.

Mo wá mú ẹ̀wù kan ṣoṣo. Mo bẹ ìyá aránṣọ kan pé kí wọ́n jẹ́ kí n yẹ ẹ wò kí wọ́n tó gbé e lọ síbi àfihàn aṣọ. Wọ́n ní kí n fọ ọwọ́ mi ná. Wọ́n yí inú rẹ̀ síta, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì. "Fi ìka tọ òwú rẹ̀." Mo tọ̀ ọ́, kò sí èyí tó lọ tààrà láti èjìká dé ìṣẹ́tí: igun dé igun ni wọ́n gé e. Wọ́n fà á díẹ̀, ó nà bí ohun tó ní rọ́bà nínú, bẹ́ẹ̀ kò ní. Irú gígé yìí ni Madeleine Vionnet, aránṣọ ará Faransé, fi gbajúmọ̀ kí ó tó ti ilé aṣọ rẹ̀ ní 1939. Wọ́n tún sọ pé ọjọ́ méjì ni àwọn fi gbé e kọ́ kí àwọn tó ṣẹ́tí rẹ̀, nítorí aṣọ tí a gé báyẹn máa ń fà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú ṣẹ́ ẹ, apá kan á gùn ju ìkejì lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti rí gbólóhùn àkọ́kọ́ mi: "Ọjọ́ méjì ni ẹ̀wù yìí fi wà lórí háńgà kí abẹ́rẹ́ tó kan ìṣẹ́tí rẹ̀."

Àwọn kan ti sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ aṣọ kì í ṣe iṣẹ́ ìròyìn. Ṣùgbọ́n Robin Givhan, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà, gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn oníròyìn níbẹ̀, ní 2006 lórí ohun tó ń kọ nípa aṣọ nínú ìwé ìròyìn Washington Post. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́.

Kí n tó kọ lẹ́tà sí olóòtú, mo ka ẹ̀dà mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ gbẹ̀yìn, kí n lè mọ abala tí ọ̀rọ̀ mi bá mu. Mágásíìnì olóṣooṣù máa ń múra sílẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, nítorí náà n kò mú ohun tó ń jà ràn-ìn lọ́sẹ̀ yẹn wá. Ìpínrọ̀ kan péré ni lẹ́tà náà, gbólóhùn ìṣẹ́tí yẹn ló ṣíwájú.

Ọjọ́ kẹta ni èsì dé. Olóòtú ní àwọn fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n n kò sọ irú aṣọ tí wọ́n fi rán an. Òótọ́ ni! Mo sáré pe ìyá aránṣọ lórí fóònù. Sílíìkì ni.